Ọ̀bẹ Kékeré Kò Níbi Dídìmú

Àdá kì í sábà gé ẹni tó ń dán an. Ó gùn, ó wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ fi sáńpépà ra á á fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì jìnnà sí ibi tó mú. Ọ̀bẹ tí kò gùn ju ìka àárín lọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá ń ti Ògùnpa lọ sí Amúnigun n'Ìbàdàn, tí ẹ bá pàdé ẹni tó ń fi iṣẹ́ irin jẹun, ẹ ní kó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí yín. Ẹ lè bá àpá iná níbẹ̀, ẹ sì lè bá ibi tí owú ti pa èékánná. Àmọ́ tí ẹ bá rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ìbú kọjá lórí àtàǹpàkò tàbí ìka ìfábẹ̀lá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ọjọ́ tí ọ̀bẹ kékeré kan yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń fi sáńpépà ra á.

Nígbà tí ọ̀gá bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń ṣọ́: ṣé ó ń ra á gbọọrọ, ṣé kò tẹ̀ ẹ́ jù, ṣé kò pa ibì kan tì. Ọwọ́ òsì tó di ọ̀bẹ mú, ta ló ń bi í léèrè? Bẹ́ẹ̀, òun ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Tí a bá sì máa sòótọ́, kò yẹ kí ọwọ́ kankan di ọ̀bẹ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mú rárá. Pákó ló yẹ kó dì í mú. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, ó sì lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tíì ta ẹ̀jẹ̀ sórí iṣẹ́ rí.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀bẹ irú èyí ti kásẹ̀ nílẹ̀, kó kàn rìn yí ọjà ká ni. Aránbàtà ń fi tirẹ̀ gé awọ yípo àtẹ́lẹ̀ bàtà. Onígbàjámọ̀ ń fi abẹ fárí, ó ń fi tọ́ irùngbọ̀n. Àwọn afíngbá ìlú Ọ̀yọ́ ń fi ọ̀bẹ ṣóńṣó fa ọnà sára igbá, ọnà wọn kò sì ní bójú mu bí ọ̀bẹ náà bá ń há lójú ọ̀nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ńkọ́? Kevin Carroll, àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó bá àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ṣiṣẹ́, kó ohun tó rí lọ́wọ́ wọn sínú ìwé Yoruba Religious Carving tó jáde ní 1967. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ipele mẹ́rin ni wọ́n ń pín iṣẹ́ ère sí: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nínú méjì tó gbẹ̀yìn, ọ̀bẹ kékeré wúlò ju àáké lọ. Ọ̀bẹ tí ara rẹ̀ rí hánrahànra kò sì lè mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Ńṣe ni yóò máa fa igi ya, tí ẹni tó dì í mú yóò máa fi agbára tì í, ibẹ̀ ni ewu mìíràn tún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Abẹ olóólà ló gba ìtọ́jú jù lọ nínú gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n fi ń kọ pélé, àbàjà tàbí gọ̀mbọ́ gbọ́dọ̀ lọ geere lára. Bó bá há níbì kan, ilà á wọ́, ojú ọmọ ni yóò sì gbé e dàgbà. Ilà ojú ti di ohun àná báyìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fín ara ọmọdé tàbí kó kọ ọ́ nílà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ tí àwọn olóólà fi ń tọ́jú irin wọn ni mi ò fẹ́ kó bá ilà lọ.

Irin náà kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́. Nígbà kan, ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ irin tó ń rọ. Ní 1904, C. V. Bellamy, òyìnbó tó ń ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba Èkó, kọ ìròyìn nípa ilé ìyọ́rin kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí iná rẹ̀ ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn ní 1901, irin òkè òkun sì ń bá a wọlé. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò pọ̀ nígboro. Lónìí, sípíríǹgì mọ́tò tó ti ṣẹ́ ni alágbẹ̀dẹ ń wá kiri, tàbí fáìlì tí ojú rẹ̀ ti kú. Wọn ò ṣì í mú. Kábọ́ọ̀nù inú irin sípíríǹgì tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún, ti fáìlì sì lè tó ìdá mẹ́wàá tàbí kó lé. Kábọ́ọ̀nù yìí ló ń mú kí irin le bí a bá ti inú iná rì í bọ epo.

A ó fi ẹwìrì fẹ́ èédú títí irin yóò fi pọ́n. Ẹni tó gbọ́n á gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn: bí irin bá ti gbóná tó nǹkan bí 770 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní fà á mọ́. A ó fi iná díẹ̀ kún un, a ó sì rì í sínú epo. Ó ti le nìyẹn, àmọ́ ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó lè dá sí méjì. Nítorí náà, a ó tún yan án ní ìwọ̀nba iná, bíi 200 sí 230, títí ara rẹ̀ yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ, kí agídí rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá jáde nínú gbogbo wàhálà yìí, ó ti dúdú, ó ti ní èèpá, ojú owú sì hàn lára rẹ̀. Sáńpépà ló kù tí yóò sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè náwó sí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a ò gbé e sẹ́nu gíráńdà. Jórinjórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà á sọ bẹ́ẹ̀, á ní ẹ gbé e wá, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì gbé e fún un. Ọ̀bẹ kékeré tín-ín-rín. Kí òkúta gíráńdà tó yí dáadáa, ẹnu rẹ̀ ti gbóná, á sì yí sí búlúù. Tí irin bá ti dé búlúù, ó ti kọjá 290, gbogbo líle tí ẹ fi iná àti epo kó sí i níbẹ̀ ti ń tú ká. Ẹ lè pọ́n ọn kó mú láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán ó ti kú. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́ ọ̀bẹ kékeré.

Ó wá ku ibi tí a ó ti dì í mú. Ọ̀bẹ kò tíì ní èèkù. Ìdí rẹ̀ tí a ó kì bọ èèkù kò ju ọmọńdinrín lọ, àtàǹpàkò àti ìka méjì ló sì há a mọ́ra. Bí sáńpépà bá ń lọ síwájú, irin fẹ́ bá a lọ. Bó bá ń padà bọ̀, irin fẹ́ bá a bọ̀. Ìka á tún fún un mọ́ra sí i. Láìpẹ́ ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn. Omi tó wà lára sáńpépà ti dàpọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun irin, gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Ìka tó ti rẹ̀ á wá máa sún síwájú láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ mọ̀, títí yóò fi dé ibi tí ẹnu ọ̀bẹ wà. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, orí ọ̀bẹ tí ohunkóhun kò gbé dúró ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á tún ta padà sókè. Ìgbà tó bá ta padà ni ó ń gúnni. Àwọn mìíràn á gbé e lé itan kó lè dúró. Kí wọ́n rántí pé ọ̀kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára ènìyàn gba inú itan kọjá.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹni tó ń dán ọ̀bẹ kò tíì ní èèkù kankan tí yóò tẹ̀. Ó ní láti wá ohun tí yóò rọ́pò èèkù fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wá pákó líle, ìrókò tàbí apá, èyí tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Àjákù rẹ̀ kún ilé káfíńtà, wọn kì í sábà gba owó lé e. Ẹ fá ojú rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ lé e, kí ẹnu ọ̀bẹ bá etí pákó dọ́gba, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ má sì yọ kọjá pákó rárá. Orí tó bá yọ síta, ọwọ́ ni yóò wọ̀. Bí ẹ bá ti dá ihò sí ìdí ọ̀bẹ náà fún ìṣó èèkù, iṣẹ́ ti dínkù: ẹ kan ìṣó kékeré gba inú ihò náà wọ pákó, irin kò tún ní lọ síwájú tàbí bọ̀ sẹ́yìn mọ́. Ẹ wá mú igi pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi síkúrù méjì dè é lé ìdí ọ̀bẹ lórí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Kí síkúrù tó wọlé tán, ẹ ki awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín igi àti irin. Awọ tí aránbàtà gé sọnù dára fún un. Ó ń di irin mú ju igi lásán lọ, kò sì ní ha á lára.

Ohun kan wà tí ẹ ó kíyè sí níbẹ̀. Ọ̀bẹ tí a rọ dáadáa nípọn nídìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Bí ẹ bá dè é tán, orí rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀ kúrò lára pákó, bí ẹ bá sì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, á máa jó. Ẹ ká bébà sí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ fi há abẹ́ rẹ̀ títí kò fi ní mira mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, ààrin ọ̀bẹ ni sáńpépà rẹ̀ yóò máa jẹ, orí á kù ní dúdú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Mo ti rí ọ̀bẹ dáadáa tó ṣẹ́ báyìí nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó parí.

Pákó fúnra rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ rìn. Ẹ fi fáìsì há a, tàbí kí ẹ fi kílámpù dè é mọ́ etí tábìlì. Kí orí ọ̀bẹ kọjú síta, kí ìdí rẹ̀ wà lápá ọ̀dọ̀ yín.

Abẹ tí kò ní ìdí gígùn, tí síkúrù kò rí ibi mú, ìda oyin ló bá a mu. Ẹ yọ́ ọ, ẹ dà á sórí pákó, ẹ tẹ abẹ náà mọ́ ọn kó tó dì. Ẹ̀rù má bà yín pé yóò ba líle irin jẹ́. Ìda ti yọ́ kí ooru rẹ̀ tó dé 65, irin tó ti rí 200 kò ka ìyẹn sí. Àwọn ọ̀dọ́ ń lo súpà gúlù tàbí téèpù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi sáńpépà máa ń tú téèpù nígbà tí ẹ kò bá fọkàn sí i, èmi ò sì fẹ́ràn ohun tó ń tú lójijì lábẹ́ irin.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ ni pé kí ẹ má tíì pọ́n ọ̀bẹ náà. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ nípọn tó ìdajì mìlímítà títí sáńpépà yóò fi parí. Ìkánjú àtirí i kó mú ló ń pa ọmọ iṣẹ́ lára. Á ti lọ fi òkúta ṣe é kó mú fínnífínní, lẹ́yìn náà ni á wá rántí pé ara rẹ̀ kò dán.

Ọ̀rọ̀ ta ni yóò dúró, ta ni yóò rìn, ọ̀bẹ àbí ohun tí a fi ń dán an, kò kan àwa nìkan. Ní Japan, òkúta ló ń dúró: ẹni tó ń dán idà á fi ẹsẹ̀ tẹ igi kan tó há òkúta mọ́lẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì rin idà lórí rẹ̀. Ní ìlú Thiers nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń pọ́n ọn láyé àtijọ́ a máa dojú bolẹ̀ sórí pákó lókè òkúta tí omi odò ń yí, kí ìwúwo ara wọn lè ran ọwọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà òtútù, ajá wọn á sùn lé wọn lẹ́sẹ̀ kí ara wọn lè móoru. Àgbẹ̀ ilé wa tó ń pọ́n àdá lórí àpáta etí odò náà, àpáta ni ó jẹ́ kó dúró. Fún ohun tó gùn, èyí bá ọgbọ́n mu. Bí ẹ bá gbé ọ̀bẹ oní-ìka-mẹ́ta rin orí sáńpépà tí ẹ tẹ́ sílẹ̀, ìka yín ló wà láàárín irin àti sáńpépà, tí ẹnu ọ̀bẹ bá sì tẹ̀ kọrọdọ, kò sí bí yóò ṣe kan bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ dọ́gba. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọ̀bẹ dúró, kí sáńpépà rìn.

Sáńpépà olómi dúdú tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò ni kí ẹ rà. Francis Okie, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú rẹ̀ tí omi kì í bà jẹ́, iléeṣẹ́ 3M sì gbé e jáde ní 1921. Kó tó dìgbà náà, eruku sáńpépà gbígbẹ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fà símú. Ẹ ká a mọ́ igi kékeré tó tẹ́, ẹ má fi ìka lásán tẹ̀ ẹ́, torí ìka á máa gbẹ́ kòtò sára irin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 120, kí ẹ bọ́ sí 240, 400, títí dé 600. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iyanrìn rẹ̀ ń kúnná. Bí 120 bá gba ìbú, kí 240 gba òró, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ìlà ti àkọ́kọ́ tán. Ọmọ iṣẹ́ á ní, “Ọ̀gá, ó ti dán.” Ọ̀gá á ní, “Gbé e wá sójú oòrùn.” Wọ́n á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìlà kan tí kò hàn nínú ṣọ́ọ̀bù á yọ gbangba láti ìdí dé orí. Ọmọ iṣẹ́ á padà sí 240.

Ewé ìpín wà kí sáńpépà tó dé, ó sì ṣì wà. Ojú rẹ̀ rí hánrahànra, àwọn agbẹ́gilére ti fi dán ère, ìyá wa sì ti fi fọ ìkòkò. Apá rẹ̀ kò lè ká èèpá irin tó ti jẹ epo, ẹ má tan ara yín. Ẹ fi pa mọ́ de èèkù.

Àwọn kan ń wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ, wọ́n ní ó ti tó. Ọ̀bẹ ń la òwú kọjá, aṣọ tútù sì máa ń lọ́ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ fà á. Bí irin bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìpẹtà ló ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ọ̀bẹ tó ń kọ mọ̀nà náà sì lè gbé e wọ ara. Ẹ wo irú ilẹ̀ tí a wà: odò Ògùnpa ya wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní 31 Ògọ́sì 1980, ó gbé ènìyàn, ó gbé dúkìá, ó tún kún ya ìgboro ní Ògọ́sì 2011. Ẹrẹ̀ inú gọ́tà kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ní ìgbà òjò. Bí ó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ tí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ojú ọgbẹ́ sì dọ̀tí, ẹ lọ gba òmíràn ní ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí.

Kí ló dé tí pákó yìí kò wọ́pọ̀? Èsì tí ẹ ó gbọ́ ni pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ojú méjì péré ni ọ̀bẹ ní, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó yí i. Archibald Callaway, tó ṣèwádìí iṣẹ́ ọwọ́ n'Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, kọ orí kan sínú ìwé The City of Ibadan (1967) nípa bí iṣẹ́ ìbílẹ̀ ṣe ń yí sí ti ìgbàlódé. Fáìsì, gíráńdà àti iná jórinjórin ti wá di ara iṣẹ́ irin nígboro báyìí, ẹ̀ńjìnnì sì rí ohun tó há a mú dáadáa. Ọ̀bẹ aránbàtà ṣì wà láàárín ìka méjì. Bí owó ọ̀bẹ bá kéré, àwọn ọ̀gá gbà pé kò yẹ ní ohun tí a ń ṣe irinṣẹ́ fún. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Pákó kan á dán ọgọ́rùn-ún ọ̀bẹ kó tó jẹ.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tún ni kí ẹ fara balẹ̀, torí ọkàn ti lọ. Ẹ má fi èékánná ṣí ọ̀bẹ kúrò lórí pákó. Ẹ tú síkúrù méjèèjì, ẹ yọ ìṣó, kí ẹ ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbé e. Tó bá jẹ́ ìda ni, ẹ da omi gbígbóná sí i, á tú fúnra rẹ̀. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún láti ẹ̀yìn lọ sí ẹnu, kí ẹ fi òróró máṣíìnì díẹ̀ pa á lára lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dán máa ń tètè dípẹtà. Èèkù ló kàn. Nígbà tí èèkù bá ti wọ̀ ọ́, tó sì ti dúró gbọn-in, ẹ lè wá gbé e lọ sórí òkúta kí ẹ pọ́n ọn.